Òǹtẹ̀ ni ẹ pè é, ẹ má pè é ní àmì ẹ̀yẹ

Mo tún ti rí i kà: “ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́.” Ẹ̀rí tí àjọ kan ń fún oníṣẹ́ tó ti yẹ̀ wò, pé ó tó gbẹ́kẹ̀ lé, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń gba àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Britain níyànjú. Ó ní kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá tún ilé wọn ṣe kó má baà máa jẹ gáàsì àti iná jù, kí wọ́n béèrè bóyá ó ní “ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́.” Ìmọ̀ràn náà dára, ọ̀rọ̀ tó fi gbé e kalẹ̀ ló bà á jẹ́. Bí ẹ bá ní kí ìyá arúgbó wá ẹni tó ní ìdánimọ̀, káàdì tó ní fọ́tò ló máa béèrè, gbájú-ẹ̀ tó kan ilẹ̀kùn á sì yọ ọ́ jáde láti ọrùn rẹ̀ kíá. Káàdì kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ọwọ́.

Àwọn mìíràn ní “àmì ẹ̀yẹ.” Èyí ló ń bí mi nínú jù. Lóòótọ́, àwọn oníṣẹ́ yìí a máa péjọ jẹun, wọ́n á sì fún ẹni tó peregedé láàrin wọn ní àmì ẹ̀yẹ. Kí ẹni tó gbà á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n àmì ẹ̀yẹ kò di ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí. Bí ògiri tó ṣe bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan dúdú lẹ́yìn ọdún méjì, àmì ẹ̀yẹ ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀.

Òǹtẹ̀ ni mò ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Ẹni tó bá fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Bó bá yíwọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ń bọ̀. Àwọn kan á ní òǹtẹ̀ kò ju rọ́bà tí akọ̀wé ń tẹ̀ mọ́ ìwé lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó gbẹ́ ayédèrú rẹ̀ fi ń rí ẹ̀wọ̀n he? Ẹni tó wà lẹ́yìn rọ́bà náà ló ní agbára. “Ìfọwọ́sí” sún mọ́ ọn, mi ò bá ẹni tó ń lò ó jà.

Ẹ wo ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà ń gbòmìnira. Ọ̀gá rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé. Alága ẹgbẹ́ àti akọ̀wé wà níjókòó, wọ́n ti wádìí bóyá ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé, wọ́n buwọ́ lùwé níṣojú ẹbí, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá mọ ògiri tó wó, ẹgbẹ́ lè pè é wá rojọ́, wọ́n sì lè ní kó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò gbòmìnira lè mọ iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n bó bá ba ilé yín jẹ́, ta lẹ máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Bí òǹtẹ̀ TrustMark, àjọ tí ìjọba Britain fọwọ́ sí fún àwọn tó ń tún ilé ṣe, ṣe rí gan-an nìyẹn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, retrofit, “amúlémóoru” ni àwọn kan ń pè é. Rárá o. Hítà ni amúlémóoru. Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ nílò hítà tó bẹ́ẹ̀. Ìdáoorudúró ni mò ń pè é: ooru tó ti wà nínú ilé, a ò jẹ́ kó gba ara ògiri, òrùlé àti etí fèrèsé sá jáde. Ní Darmstadt, ní Jámánì, Passive House Institute, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ilé tí kì í jẹ iná púpọ̀, ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ fún ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀, EnerPHit. Níbi tí òtútù bá ti rí bíi ti ọ̀dọ̀ wọn, ilé tó bá fẹ́ gbà á nípa ìwọ̀n ooru tó ń lò kò gbọdọ̀ nílò ju kilowatt-hour 25 lọ lọ́dún fún mítà kan níbùú lóròó. Ilé ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ yẹn. Ti Britain, oníṣẹ́ ni.

Ọdún 2016 ni ìròyìn tí ìjọba Britain ní kí Peter Bonfield kọ jáde, Each Home Counts, lórí bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo àwọn onílé tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kó tó dìgbà náà, ní àdúgbò Fishwick, ní Preston, wọ́n ti fi ìbòrí tó ń dá ooru dúró bo ara ògiri ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé níta, omi sì ti ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́. Lẹ́yìn ìròyìn yẹn ni TrustMark di ẹni tó ń mójú tó òǹtẹ̀, tí PAS 2035, ìlànà bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe ìdáoorudúró, sì jáde ní 2019. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ilé wò, ẹnì kan á ya àwòrán iṣẹ́, alákòóso kan á sì máa ṣọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní January 2025, ìjọba kéde pé wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ 39 dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìbòrí ògiri. Nígbà tó di October, National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, ṣírò rẹ̀ pé nínú àwọn ilé tí wọ́n bo ògiri wọn níta lábẹ́ ètò tí ìjọba ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àléébù ńlá tó gbọ́dọ̀ ní àtúnṣe: ilé 22,000 sí 23,000. Ẹ lọ wo òkè irú ògiri bẹ́ẹ̀, níbi tí ìbòrí ti pàdé etí òrùlé. Bí wọ́n bá fi àlàfo ìka kan sílẹ̀ láìdí i, òjò á gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn ìbòrí, kò sì ní rọ́nà jáde. Wọ́n sì lè fi ìbòrí dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Oru ọbẹ̀ àti oru omi ìwẹ̀ á wá máa sinmi sí kọ̀rọ̀ ògiri tó bá ṣì tutù, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù á dúdú.

Ara ìdí tí àyẹ̀wò náà tọ́ka sí ni pé ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ ń gbé e fún àwọn mìíràn tí kò ní òǹtẹ̀, tí wọn ò sì mọ iṣẹ́ tó. Ẹni tó ń pè é ní àmì ẹ̀yẹ kò lè rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, torí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ ṣáà ti gbà á. Ẹni tó ń pè é ní òǹtẹ̀ rí i lójú ẹsẹ̀: wọ́n yá ẹni tí kò gbòmìnira ní orúkọ ẹgbẹ́.

Nítorí náà, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn yín ní Peckham bá ní òun ní òǹtẹ̀, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìkànnì TrustMark, kí ẹ sì bi í léèrè àwọn tó máa gun àkàbà gan-an. Ṣé òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ tiwọn náà? Ta ni alákòóso, ọjọ́ wo ló sì ń bọ̀ wá wo ilé? Bó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, pé àwọn á sọ ìyókù tó bá yá, ẹ ti ilẹ̀kùn.