Odd time: bí ẹ ṣe lè fi àtẹ́wọ́ tọ ìlù ẹlẹ́méje láìṣìnà

Bí ìlù bá ti dún lóde àríyá n'Ílọrin, kò sẹ́ni tó ń kà á kó tó jó. Ẹsẹ̀ á ti mọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Ẹ wá gbé fídíò progressive rock, ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì kan, síwájú ẹni kan náà, kí ẹ ní kó máa pàtẹ́wọ́ sí i. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ṣì bá ìlù mu. Nígbà tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ ti wà níbì kan, ìlù ti wà níbòmíràn. Onílù ò ṣì í lù, ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ náà ò sì gọ̀. Òǹkà ìlù ọ̀hún ni kò dọ́gba. Ohun tí àwọn olórin ń pè ní odd time nìyẹn, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí àwọn olólùfẹ́ orin yìí máa sanwó lọ wo ẹgbẹ́ kan náà lójúkojú lọ́pọ̀ ìgbà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni progressive rock ti gbilẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960. King Crimson, Yes, Genesis àti Pink Floyd wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó sọ ọ́ di ńlá níbẹ̀. Láti Kánádà ni Rush ti gbé tirẹ̀ wá. Orin kan ṣoṣo lè gba ogún ìṣẹ́jú, kó kún ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kí ìlù inú rẹ̀ sì yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń jókòó tì í ni. Á gbọ́ ọ, á tún un gbọ́, títí á fi mọ gbogbo ibi tí ìlù ti yà. Tó bá wá dé ojú agbo, ohun tó ń ṣọ́ ni bóyá gbogbo àwọn olórin náà máa yà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀.

Orí ìyípo ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlù ló ní ibi tó ti ń gbéra àti ibi tó ń padà sí. Nínú ọ̀pọ̀ orin tó ń dún láti inú ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà Táíwò, ìyípo náà jẹ́ kíkà mẹ́rin: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ká tún padà sí ení. Òun ni wọ́n ń kọ báyìí: 4/4. Nọ́ńbà òkè ló ń sọ iye kíkà tó wà nínú ìyípo kan. Ti ìsàlẹ̀ ń sọ irú ohùn tí à ń kà. Ohùn tó ń jẹ́ 4 gùn ní ìlọ́po méjì èyí tó ń jẹ́ 8. Ẹni tó ń kọ́ ọ, nọ́ńbà òkè ni kó dì mú ná.

Àwọn onílù ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ 6/8 dáadáa. Mẹ́fà ṣe é pín sí méjì ọgbọọgba, ìyẹn ni ara fi tètè gbà á. Ti odd time ni 5, 7, 11 àti 13: ẹ pín in sí méjì, ẹyọ kan á ṣẹ́ kù. Ẹyọ tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń ti ọwọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn kan máa ń ka 9/8 mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án tí wọ́n bá pín sí mẹ́ta-mẹ́ta kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n bá pín in sí 2+2+2+3 ló tó di ìjàngbọ̀n.

Tó bá di ọ̀rọ̀ kíkà, èdè wa ràn wá lọ́wọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti orí kan dé mẹ́fà, méje nìkan ló ní méjì, ibẹ̀ gan-an ni ahọ́n sì ti ń pẹ́ jù. Ẹ wo tiwa: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje. Méjì-méjì ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó gùn ju èkejì. Kí ẹ má ṣe fi “mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà” kà á o, nítorí márùn-ún á fa sílébù kẹta wọlé, ìlù á sì ti lọ kí ẹ tó pè é tán.

Ṣùgbọ́n kò sí onílù gidi tó ń ka méje tààrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ni. 2+2+3 ló wọ́pọ̀: ení èjì, ení èjì, ení èjì ẹ̀ta. Ẹ máa pàtẹ́wọ́ sórí “ení” nìkan. Ẹ ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọwọ́ ń ró nínú ìyípo kan, kúkúrú, kúkúrú, gígùn. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì láìsí orin kankan, kí ẹ tó gbé e lé orin. Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni pé lẹ́yìn “ẹ̀ta” tó kẹ́yìn, wọ́n á mí, èémí yẹn á sì sọ méje di mẹ́jọ. Ara tí mẹ́jọ ti mọ́ ń wá ẹyọ kan sí i ni. Ẹ má mí síbẹ̀. Kí “ẹ̀ta” gbá “ení” tó ń bọ̀ mọ́ra bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí 2+2+3 bá kọ̀ láti bá orin náà mu, ẹ gbìyànjú 3+2+2. Ìlù ńlá tí onílù ń fẹsẹ̀ tẹ̀ àti gìtá ohùn ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fetí sí, wọ́n sábà máa ń fi orí ìpín kọ̀ọ̀kan hàn.

Orin tó dára jù láti fi kọ́ ọ ni “Money” tí Pink Floyd gbé jáde ní 1973, nítorí kò yára. 7/4 ni. Ìró owó irin, bébà tí wọ́n ń fà ya àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìró méje ni, wọ́n gé téèpù ìró kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n sì jẹ́ kó máa yí po. Ìlù ẹlẹ́méje tí a fi àlùmọ́gàjí ṣe nìyẹn! Bí ẹ bá tẹ̀ lé e lọ, ẹ ó dé ibi tí gìtá ti ń dá nìkan ké, ibẹ̀ ni ara yín á ti tú pẹ̀sẹ̀ láìmọ ìdí. Wọ́n ti bọ́ sí 4/4 ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún padà sí méje, ọwọ́ ẹni tí kò ṣọ́ra á sì ṣìnà.

Àwọn olólùfẹ́ Pink Floyd ti gbọ́ orin yìí lójúkojú ní ohun tó lé ní ọdún kan kí àwo tó jáde. Lójọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972, ní ìlú Brighton, àárín “Money” gan-an ni ohun èlò ti dà wọ́n, wọ́n sì ní láti dá a dúró. Ewu tó wà nínú kí téèpù máa bá èèyàn lu ìlù kò kéré: téèpù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí onílù bá fi díẹ̀ yára, kò sí bó ṣe lè ṣẹ́jú sí téèpù pé kó tẹ̀ lé òun. Òun ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé téèpù.

Ẹnìkan lè ní àwa náà ní ìlù méje. Òótọ́ ni pé kónkóló, kọ́n kọ́n kóló kọ́n kóló, ń ró lẹ́ẹ̀méje. Ṣùgbọ́n ààyè tó wà láàárín àwọn ìró náà kò dọ́gba. Tí ẹ bá ka ààyè gbogbo, 12 ni. 12 ṣe é pín sí méjì, sí mẹ́ta, sí mẹ́rin, ìyẹn ni ẹsẹ̀ ṣe lè máa lọ geere lábẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìró méje nínú ìyípo 12 ni ti kónkóló. Nínú odd time, ìyípo fúnra rẹ̀ ni kò pé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dùn jù ni “YYZ”, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, tí Rush gbé jáde ní 1981. YYZ ni àmì tí wọ́n fi ń dá pápákọ̀ òfurufú Toronto mọ̀, bí ILR ṣe jẹ́ ti Ìlọrin. Àwọn ẹ̀rọ ìtọ́nà ọkọ̀ òfurufú máa ń fi Morse pe irú àmì bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ̀nà fífi ìró gígùn àti ìró kúkúrú kọ lẹ́tà. Rush mú ìró náà bó ṣe rí, wọ́n sọ ọ́ di ìlù. Neil Peart, onílù wọn, ló kọ́kọ́ lù ú lórí idẹ pẹlẹbẹ kéékèèké, kí gìtá tó bá a lù ú.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Ìró kúkúrú, “dó”, jẹ́ kíkà kan. Ìró gígùn, “dóó”, jẹ́ méjì. Y ni dóó dó dóó dóó: 2+1+2+2, ó di 7. Y kejì, 7. Z ni dóó dóó dó dó: 2+2+1+1, ó di 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20, tí í ṣe ìlọ́po mẹ́rin 5. Ìyẹn ni àwọn olórin fi ń kọ ọ́ ní 5/4 tàbí 10/8. Kò sẹ́ni tó jókòó pé òun fẹ́ lu márùn-ún kó lè le; ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ ló bí òǹkà náà.

Onílù wa kò ní í rí èyí bí ohun àjèjì. Dùndún ń sọ̀rọ̀, gígùn ọ̀rọ̀ ló sì ń pinnu ibi tí ọ̀pá máa balẹ̀. Ohun tí dùndún fi ju Morse lọ ni ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Gígùn àti kúkúrú nìkan ni Morse ní. Nínú agbo dàdàkúàdà náà, bí irú Odòlayé Àrẹ̀mú tàbí Jáígbadé Àlàó bá ń na ọ̀rọ̀ lọ, àwọn elégbè kì í ka nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dúró dè, tó bá ti tẹnu rẹ̀ bọ́, wọ́n á gbè é.

Ẹ wá lu ti Ìlọrin wò. I ni dó dó: 2. L ni dó dóó dó dó: 1+2+1+1, ó di 5. R ni dó dóó dó: 1+2+1, ó di 4. 2+5+4, 11 ni! Odd time pọ́ńbélé ló jókòó sínú àmì pápákọ̀ wa. Ẹ máa fi ìka lù ú lórí tábìlì, kí ẹ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ní orí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ á máa balẹ̀ lórí kíkà kìn-ín-ní, ìkẹta àti ìkẹjọ. Bó bá ti mọ́ yín lára, ẹ ó rí i pé YYZ rọrùn jù ú lọ.

Bí ìfẹ́ àwọn olólùfẹ́ Rush ṣe jìn tó hàn ní oṣù kọkànlá ọdún 2002 ní pápá Maracanã ní Rio de Janeiro, níwájú nǹkan bí 40,000 ènìyàn. Nígbà tí “YYZ” bẹ̀rẹ̀, èrò pápá náà ń kọ ohùn gìtá orin tí kò ní ọ̀rọ̀, wọ́n ń fò sókè sódò, wọ́n sì ń tẹ̀ lé gbogbo ibi tó ti yà. Ó wà nínú àwo àti fídíò tí wọ́n gbé jáde ní 2003. Èyí kọjá pé èèyàn mọ orin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti kà á sórí nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó pàdé ara wọn níbẹ̀.

Pápá gbalasa ní ìṣòro tirẹ̀, tó kan àríyá ìta gbangba tiwa náà. Nínú ooru bíi ti Ìlọrin, ìró ń rin nǹkan bí mítà 350 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó dúró ní mítà 35 sí pèpéle ń gbọ́ ìlù lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bí kíkà bá jẹ́ mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe máa ń rí nínú 7/8 tó yára díẹ̀, mítà 87 ti tó láti fi odindi kíkà kan pẹ́, pápá bọ́ọ̀lù sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 4/4, ẹni tó pẹ́ ní kíkà kan ṣì ń bọ́ sórí kíkà gidi, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nínú méje, rúdurùdu ló ń dà, torí àtẹ́wọ́ àwọn èrò ẹ̀yìn á máa dí ibi tí ìpín gígùn wà mọ́ àwọn tó wà níwájú lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé sípíkà míì sí àárín pápá, tí ẹni tó ń darí ìró á sì dá a dúró díẹ̀: mítà 35, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá; mítà 70, ìdá méjì. Bí kò bá dá a dúró, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó wà láàárín á máa gbọ́ ìró kan.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà bá ìlù ẹlẹ́méje lọ láìfọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ẹ máa pàtẹ́wọ́ ní méjì-méjì, kí ẹ má yí i padà. Nínú ìyípo kìn-ín-ní, ọwọ́ á ró lórí 1, 3, 5, 7. Nínú ìkejì, á ró lórí 2, 4, 6. Ní ìkẹta, ẹ ti padà sórí 1 pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ onílù rọ́ọ̀kì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an kí èrò lè rí nǹkan jó sí. Ó gba ìgboyà, torí nínú ìyípo kejì, á dà bí ẹni pé ẹ ti ṣìnà.

Bí ẹ bá ṣìnà lóòótọ́ lójú agbo, ẹ má sáré lé ìlù. Ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ wo orí ẹni tó ń ta gìtá ohùn ìsàlẹ̀, tàbí kí ẹ ṣọ́ idẹ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù. Orí ìyípo ni wọ́n sábà máa ń lù ú. Ẹ jẹ́ kí ìyípo méjì kọjá, kí ẹ máa pe “ení” sínú ní gbogbo ìgbà tó bá bọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan sórí rẹ̀, ẹyọ kan péré. Tó bá bọ́ síbẹ̀, ẹ máa bá àwọn tó kù lọ.