Ìwé wo gan-an ni wọ́n fi hàn yín?

Ó ti sú mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Gbogbo ibi tá a bá ti gbé kánópì kalẹ̀ láti sọ̀rọ̀ HIV, ì báà jẹ́ Ìlọrin níbí, ì báà jẹ́ Ọ̀fà tàbí Ọ̀mù-Àrán, tí nọ́ọ̀sì bá ti sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè, ẹnì kan á gba máìkì, kò sì ní béèrè nǹkan kan o, ìtàn ló máa sọ. Ẹnì kan wà ládùúgbò wọn tó ní HIV, ó lọ sọ́dọ̀ bàbá kan, nígbà míì pásítọ̀ ni, nígbà míì ààfáà ni, nígbà míì alágbo ni, nígbà tó padà lọ sí ọsibítù, ìwé àyẹ̀wò jáde, HIV ti lọ. Gbogbo abẹ́ kánópì á pàtẹ́wọ́. Wákàtí kan tí nọ́ọ̀sì fi la ohùn ti wọgbó nìyẹn.

Pé oògùn HIV kì í lé e lọ, pé ṣe ló ń dè é mọ́lẹ̀, mi ò ní tún un sọ, ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò títí. Ìwé yẹn ló ń dùn mí. Torí kì í ṣe ìwé kan ló wà.

Èyí tá a máa ń ṣe lábẹ́ kánópì, wọ́n á gún ẹ níka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pélébé kan, ìlà kan á yọ níbi C pé ike náà ń ṣiṣẹ́, tí ìlà kejì bá yọ níbi T, wọ́n á tún fi oríṣi míì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dá wọn lójú. Ike kọ̀ọ̀kan kì í ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Ṣùgbọ́n ìlà kejì yẹn ò rí kòkòrò o! Sójà tí ara ẹ kó jáde láti bá kòkòrò jà ló rí, àwọn sójà yẹn kì í sì í fẹ̀yìntì. Ẹni tó ti ń lo oògùn láti ọdún mẹ́wàá, tó sanra, tó ń gbé àpò ìrẹsì, tó o bá gún un níka lónìí, ìlà méjì náà ló máa yọ.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní viral load. Apá ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ tìyẹn, ó ń lọ sínú ẹ̀rọ ńlá, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, iye kòkòrò gan-an ló ń kà. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, láàárín oṣù mélòó kan, kòkòrò á kéré débi pé ẹ̀rọ ò ní rí i kà mọ́, wọ́n á wá kọ ọ́ síwèé pé Target Not Detected. Wàhálà dé. Wọn ò rí i! Ó di ẹ̀rí lórí pẹpẹ. Èkúté tó sá wọ àjà torí ológbò, ṣé ó ti kó kúrò nílé ni? Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara kan ni kòkòrò náà sá sí, tó o bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan á tún jáde.

Mo bi bàbá kan ní Àjàṣẹ́ rí, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé wo ni wọ́n fi hàn yín? Wọ́n ní ìwé funfun ni, ó ní sítáǹpù. Ó dáa o.

Tọmọ ọwọ́ tún wà ńbẹ̀. Sójà ìyá máa ń bá ọmọ wọlé láti inú oyún, ó lè wà lára ẹ̀ títí di oṣù 18, torí ẹ̀ ni tẹ́ẹ̀sì ìka fi lè yọ ìlà méjì fọ́mọ tí kò ní kòkòrò kankan. Tó bá yá, ìlà kejì á lọ fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá gbàdúrà lóṣù 14 ló gba ọpẹ́.

Mi ò ní kò ṣeé ṣe láyé o. Timothy Ray Brown, ará Amẹ́ríkà tó ní HIV, tó ń gbé ní Jámánì, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú un, wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun ẹ̀ ní 2007, wọ́n tún un ṣe ní 2008, ẹni tó fún un ní tiẹ̀ wà lára àwọn díẹ̀ tí HIV kì í ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì wọn. HIV ò padà títí tí jẹjẹrẹ yẹn fi pa á ní 2020. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Bóyá ẹni ti àdúgbò yín náà wà lára wọn, ta ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kó ìwé méjéèjì wá, ti tẹ́lẹ̀ àti ti báyìí, kó jẹ́ tẹ́ẹ̀sì kan náà.

Àbí ká má tiẹ̀ kó o wá. Òfin 2014 tó ní kí wọ́n má ya àwọn tó ní HIV sọ́tọ̀ sọ pé àṣírí ẹni ni, ẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ pàápàá ò gbọ́dọ̀ ní kó o lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì kó tó gbà ẹ́. Tá a bá wá dé ibi ẹ̀tọ́ yìí lábẹ́ kánópì, àwọn èèyàn á ti máa sùn. Kẹ́ ẹ wá máa gbé ìwé ẹni tó ń lo oògùn sókè níwájú ìjọ!

Ohun tó sì yẹ ká pàtẹ́wọ́ fún ò jìnnà: tí wọn ò bá rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo oògùn, tó sì wà bẹ́ẹ̀, ẹni yẹn ò ní kó o ran ẹni tó ń bá sùn. Ìbálòpọ̀ ni mo wí o, mi ò sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣètò ní December 1, ọjọ́ AIDS lágbàáyé, ẹ má ju máìkì sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Torí nígbà kan tá a ń ká kánópì, obìnrin kan tọ̀ mí wá, ó mú ìgò oògùn jáde nínú náílọ̀n dúdú, ó ku díẹ̀ kó kún. Látìgbà tó ti gbọ́ ẹ̀rí ni kò lò ó mọ́, ó ti tó oṣù mẹ́ta.

"Àǹtí, nọ́ọ̀sì máa pariwo mọ́ mi, àbí?"

Mo ní ó lè pariwo o, ṣùgbọ́n á fún un lóògùn. Ó dá ìgò padà sínú náílọ̀n, ó bi mí ọjọ́ tí kílíníìkì ń ṣí.