Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ọmọ Tó Ń Géni Jẹ Yóò Jáwọ́ Bí A Bá Gé E Jẹ Padà?

"Gé òun náà jẹ kó mọ bó ṣe ń dunni." Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń gba àǹtí jẹ́lé-ó-sinmi nìyẹn. Àwọn mìíràn a ní kí wọ́n fi ata sí ọmọ náà lẹ́nu. Méjèèjì kò ṣiṣẹ́, ata tún léwu: ó lè sá sí ọmọ lọ́nà ọ̀fun, ọwọ́ tó fi nu ẹnu ló sì máa fi nu ojú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 kò sì fàyè gba kí ẹnikẹ́ni ṣe ọmọ léṣe.

Ọmọ ọdún 2 mọ̀ pé ó dun òun. Kò tíì lè so ìrora tirẹ̀ mọ́ ti ẹni tó gé jẹ. Ohun tó rí ni pé àgbàlagbà pàápàá ń fi eyín yanjú ọ̀rọ̀.

Láàárín ọdún 1 sí 3 ni èyí wọ́pọ̀ jù, torí ohun tó wà nínú ọmọ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ lè sọ lọ. Òmíràn ń hu eyín, òmíràn ń du ohun ìṣeré, òmíràn fẹ́ kí ẹni tó fún mọ́ ọn yẹra. Òmíràn sì ti rí i pé bí òun bá gé ẹnìkan jẹ, gbogbo kíláàsì á yíjú sí òun. Ohun tó wo ti ọ̀kan kì í wo ti èkejì, nítorí náà ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2: aago mélòó, níbo, ta ló wà nítòsí, kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó gé e jẹ, kí ló rí gbà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń tò fún oúnjẹ ni, ẹ gé ìlà kúrú, kí àǹtí dúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tó o. Bó bá jẹ́ ohun ìṣeré kan ni, ẹ wá irú rẹ̀ kún un.

Bí eyín bá ti wọlé, ẹ má fa apá náà yọ. Fífà ló ń ya ẹran ara. Ẹ rọra tì í sí ẹnu ọmọ náà díẹ̀, láì dí i nímú, àgbọ̀n á là. Ẹni tí wọ́n gé jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn. Bí awọ bá bẹ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú káàdì àjẹsára, torí kòkòrò inú ẹnu ènìyàn máa ń mú egbò kẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lóṣòó síwájú ẹni tó ṣe é, kí ẹ sọ gbólóhùn kan: "Rárá, a kì í géni jẹ." Ìwàásù kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ dípò, "fún mi" tàbí "ó tó", tàbí kó na ọwọ́ bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yọ. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó bá lò ó, ẹ dá a lóhùn kíá. Bí ẹ bá fi falẹ̀, eyín ló máa padà sí.

Ẹ sọ fún òbí méjèèjì lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹ má dárúkọ ẹni tó gé ọmọ wọn jẹ. Ìjà ẹnu géètì kì í tán bọ̀rọ̀.

Bí ọmọ bá ti pé 4 tó ṣì ń ṣe é lemọ́lemọ́, kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Kò gbọ́ràn" tí wọ́n ń wí nípa rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́: etí gan-an ni kò gbọ́.