Off-by-one: àṣìṣe ẹyọ kan ṣoṣo

Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kàbà, ẹni tó bá sì kẹ́yìn dé láàárọ̀ ló ń lọ ra àkàrà. Lọ́jọ́ kan, àbúrò wa tó kéré jù ló kẹ́yìn. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Òkun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ti èèyàn mélòó ni kí n rà?" Ọ̀gá wa ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni òdo, kó o ra á dé orí ẹni kẹta." Ọmọ náà lọ, ó ra ti èèyàn mẹ́ta bọ̀. Nígbà tí a pín in tán, ọwọ́ tiẹ̀ ló ṣófo. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo pọ̀: "Off-by-one!" Ó na ìka jáde, ó kà á: òdo, ení, èjì, ẹ̀ta. Ìka mẹ́rin ló wà níta. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún padà lọ sọ́dọ̀ alákàrà.

Ẹni tó bá ń jókòó ti àwa tí à ń kọ kóòdù yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí. Ẹran dín ẹyọ kan nínú ọbẹ̀, off-by-one. Ẹnì kan dé sí ìpàdé lọ́jọ́ kejì tí a ti ṣe é tán, off-by-one. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ò ju báyìí lọ: kọ̀ǹpútà ka nǹkan, kíkà náà sì fi ẹyọ kan dín tàbí kó fi ẹyọ kan lé, nítorí pé ẹni tó kọ kóòdù ò mọ ibi tó yẹ kí kíkà ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó yẹ kó dúró sí. Ká ní ẹgbẹ̀rún ni iye náà fi yàtọ̀ ni, wọn ì bá rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹyọ kan ló ń ṣòro rí, torí ó jọ òtítọ́ jù.

Kì í ṣe pé ẹni tó ṣe é ò mọ ìṣirò. Mo rántí ìgbà tí bàbá mi ń ṣe ọgbà iṣu lóko, lọ́nà Ìyàrà. Gígùn ọgbà náà jẹ́ mítà 30, bàbá sì fẹ́ kí òpó máa wà ní mítà mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n ní kí n lọ gé òpó wá. Mo pín 30 sí ọ̀nà mẹ́ta-mẹ́ta lórí mi, mo gé mẹ́wàá, mo rù ú dé, inú mi ń dùn. Bàbá rì wọ́n mọ́lẹ̀ títí, wọ́n dé ìparí, wọ́n wojú mi. "Apá ibí yìí ńkọ́, ṣé ìwọ ni wàá dúró gbá a mú?" Mọ́kànlá ni òpó tó yẹ kí n gé. Àlàfo ni mo kà, òpó ni wọ́n ní kí n kà. Ibikíbi tí òpó bá wà lórí àti nídìí, òpó máa ń fi ẹyọ kan ju àlàfo lọ. Ohun tó mú mi lóko lọ́jọ́ náà ni ó ń mú àwọn tó gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà títí di òní, àwọn òyìnbó pàápàá fi òpó ọgbà sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ "ẹni òdo" tí ọ̀gá wa fi ń ṣeré yẹn wá ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ èdè tí a fi ń kọ kóòdù, bíi C, Java, JavaScript àti Python, ohun àkọ́kọ́ nínú àkójọ máa ń jẹ́ nọ́ńbà 0. Ìdí ni pé nọ́ńbà náà kì í sọ ipò, ìrìn ló ń sọ: ìṣísẹ̀ mélòó ni kí n gbé láti ẹnu ọ̀nà kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, n ò gbé ìṣísẹ̀ kankan kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni: ẹni tó ń gbé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ò gun àtẹ̀gùn rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo èdè kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Fortran, Lua, R àti MATLAB ń bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. Ẹni tó bá ń fi R ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tó tún fi Python ṣiṣẹ́ lálẹ́, kó máa fi ojú sílẹ̀.

Òpin kíkà ló tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí o bá kọ range(1, 5) ní Python láti fi ka nọ́ńbà, 1, 2, 3 àti 4 ló máa fún ọ. 5 ò wọlé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń bínú sí i, èmi náà bínú. Ẹni tó tù mí nínú ni Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Netherlands, tó kọ ìwé kúkurú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1982. Ó mú nọ́ńbà 2 dé 12, ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni èèyàn lè gbà kọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tó dára jù ni kó o sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ láti 2, kò sì gbọdọ̀ dé 13. Ìbẹ̀rẹ̀ wọlé, òpin ò wọlé. Bí o bá wá yọ 2 kúrò nínú 13, ó ku 11, iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. O ò ní fi ẹyọ kan kún un, o ò ní yọ ẹyọ kan kúrò. Ibi tí apá kan bá sì dúró sí ni apá kejì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àlàfo, kò sí ìjà ààlà.

Mo mọ gbogbo èyí dáadáa kí ìyá alájọ tó gbé iṣẹ́ wá fún mi. Àwọn ìyá ọlọ́jà kan ló ń dá àjọ, wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù oníkálukú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà pé kó mú owó rẹ̀ dání. Mo ní, "Mà, ìgbà wo ni ọjà yín máa ń jẹ́?" Wọ́n ní, "Ọrọọrún ni, ọmọ mi." Mo jókòó, mo kọ ọ́: mú ọjọ́ ọjà tó kọjá, fi 5 kún un.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ sí i, torí èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ tẹ ọjọ́ náà. Ìkejì dún lórí fóònù wọn lọ́jọ́ kejì ọjà, oníkálukú ti wà lóko. Ìkẹta pẹ́ lọ́jọ́ méjì. Ìkẹrin pẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta. Mo yẹ kóòdù wò títí, n ò rí nǹkan kan. Ìkarùn-ún wá bọ́ sí ọjọ́ ọjà gẹ́lẹ́! Ìyá alájọ pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ó ti gbádùn." Èmi náà, ojú ò tì mí, mo dáhùn pé a dúpẹ́ mà. Nǹkan tí n ò fọwọ́ kàn! Lẹ́yìn èyí ló tún bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ méjì, lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí. Ọjọ́ ọjà tòní ni wọ́n kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ọ̀la, ọ̀túnla, ọjọ́ kan sí i, ọjọ́ kan sí i: ó di márùn-ún. Òní wà nínú kíkà. Bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn, ẹnu wa ni gbogbo ẹ̀ wà tí a ò fi rí i. Ìjẹta tí a ń pè, ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá, ṣùgbọ́n òní, àná àti ọjọ́ náà pé mẹ́ta. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la ó sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ méje ló wà láàárín, ọjọ́ kẹjọ là ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹbí jà lórí ẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ náà ń sọ pé Jésù jíǹde ní ọjọ́ kẹta: Jímọ̀ ni wọ́n kàn án mọ́gi, Àìkú ló jíǹde. Ẹ kà á bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á, ọjọ́ méjì lẹ máa rí.

Èmi fi 5 kún un, ọjà ń fi 4 rìn. Ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá yí, mo fi ọjọ́ kan pẹ́ sí i, títí ìpẹ́ mi fi di mẹ́rin, tí mo bá ọjà mìíràn pàdé. Ìdí tó fi "gbádùn" nìyẹn. Mo yí 5 padà sí 4, mo sì kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòdù: ọrún jẹ́ 4, ẹ má ṣàtúnṣe rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ò tíì yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá wa ní èmi nìkan ni ọmọ Yorùbá tí ọjà ọrọọrún já sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín o. Èdè C kì í bi ọ́ bóyá ilé rẹ lo wà tàbí ilé aládùúgbò. Bí àyè bá jẹ́ mẹ́wàá tí o sì kọ nǹkan sí ìkọkànlá, yóò kọ ọ́, orí ohun ẹlòmíràn ló sì lè bọ́ sí. Sudo ni ètò tí àwọn tó ń lo Linux, ètò ìpìlẹ̀ kan tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, fi ń gba agbára ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà. Irú àṣìṣe yìí wọ inú rẹ̀ ní 2011, kò sì sẹ́ni tó tú u síta àfi ní oṣù kìíní 2021, nígbà tí Qualys, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ náà lè fi í sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Ọdún mẹ́sàn-án ó lé.

Ẹ̀fẹ̀ kan wà tí a máa ń tún dá lára wa. Wọ́n ní Phil Karlton, tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Netscape, ló sọ pé nǹkan méjì péré ló le nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: kéèyàn mọ ìgbà tí ohun tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ ti di àtijọ́, àti kéèyàn fún nǹkan lórúkọ. (Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ wá wo orúkọ tó wà nínú kóòdù wa: "tuntun", "tuntun2", "tuntun_gidi".) Àwọn ẹlẹ́yà wá tún un sọ pé: nǹkan méjì péré ló le, ohun àtijọ́, orúkọ, àti off-by-one. Bí ẹ bá kà á tó di mẹ́ta, ẹ ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, kí kóòdù tó jáde, a máa ń dán an wò pẹ̀lú àkójọ tí kò ní nǹkan kan nínú, èyí tó ní ẹyọ kan, àti èyí tó kún dé ẹnu. Etí ni àṣìṣe yìí ń gbé, kì í gbé àárín. Àwọn ìyá alájọ tún padà wá lóṣù tó kọjá. Wọ́n fẹ́ kí ìpàdé wọn náà máa wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n ní ìtàdógún ìtàdógún ni. N ò yára tẹ nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ má bínú mà. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣèpàdé gan-an, ṣé ó wà nínú mẹ́tàdínlógún yẹn?"

Wọ́n wò mí. "Níbo ni kó tún wà, ọmọ mi?"

Mo tẹ 16.