Kí èébì tó dé ni oògùn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́

Bí oògùn jẹjẹrẹ bíi cisplatin bá wọ ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lára ìfun máa ń fara gbọgbẹ́, wọ́n á sì tú serotonin jáde, kẹ́míkà kan tí ara fi ń ránṣẹ́. Serotonin á lọ jókòó sórí iṣan tó so ìfun mọ́ ọpọlọ, iṣan náà á sì gbé ìròyìn lọ pé májèlé ti wọlé. Ọpọlọ kò mọ̀ pé ìwòsàn ni. Ó ní kí ikùn dà á nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fa oògùn ọ̀hún sí, tí kò sí nǹkan kan nínú ikùn tí èèyàn ìbá dà.

Ìjókòó serotonin yẹn ni ondansetron, oògùn èébì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1991, máa ń gbà. Serotonin á dé, kò ní ráyè. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń lò ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí èébì kọ́kọ́ gbé òun ná ti pẹ́: iṣan ti jíṣẹ́, hóró tó bá sì gbé mì lè bá èébì jáde.

Ti ọjọ́ kejì ló ń tan èèyàn jẹ jù. Aláìsàn ti jẹun, ó ti rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn wákàtí 24, èébì dé. Substance P, kẹ́míkà mìíràn tí ara fi ń ránṣẹ́, ló sábà wà nídìí èyí, èébì náà sì lè tó ọjọ́ márùn-ún. Oògùn aprepitant ló ń dí substance P lọ́nà: 125 miligíráàmù lọ́jọ́ kìíní, 80 lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Wọ́n máa ń fi oògùn dexamethasone kún un, nígbà mìíràn olanzapine. Oògùn àìsàn ọpọlọ ni wọ́n mọ olanzapine sí, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ èébì dáadáa.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, afẹ́fẹ́ amúnisùn àti oògùn ìrora bíi morphine ló sábà ń fa èébì. Obìnrin, ẹni tí èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀ àti ẹni tí kì í mu sìgá ló ń ṣe jù (bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí kì í mu ún). Ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn ní dexamethasone, torí kì í tètè ṣiṣẹ́. Ondansetron di apá ìparí, kí agbára rẹ̀ má bàa tán kí aláìsàn tó jí.

Ondansetron lè fa ẹ̀fọ́rí àti ìgbẹ́ líle. Ó tún lè da lílù ọkàn rú, nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fún un.