Ewé Tíì, Ethanol, àti Àwọ̀ Tí Kò Fẹ́ Lọ

Obìnrin kan tó ń ṣe lọ́fíńdà nílé gbé ìgò kan wá bá mi. Ó ti rẹ ewé tíì sínú ethanol, ìyẹn ọtí líle tí wọ́n fi ń po lọ́fíńdà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ti fi aṣọ sẹ́ ẹ. Òórùn rẹ̀ dára, àmọ́ ó ṣú bí omi ẹ̀fọ́. Ó fọ́n ọn sí bùbá funfun kan, àbàwọ́n náà kò lọ mọ́. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kí ni mo lè dà sí i tí àwọ̀ yìí á fi kúrò?"

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí àwọ̀ náà ṣe wọlé.

Chlorophyll ni orúkọ ohun tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Kì í yòrò sínú omi, ìdí nìyẹn tí àgbo tí a sè fi sábà máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú dípò kó rí bí ewé. Àmọ́ nínú ethanol tó le, wàràwàrà ló ń jáde. Bí ẹ bá gún ewé náà lódó tàbí tí ẹ lọ̀ ọ́, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn. Ìda tó wà lójú ewé á tẹ̀ lé e, òun ni kì í jẹ́ kí omi náà mọ́ kedere.

Èmi kì í dúró kí àwọ̀ wọ inú ìgò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ẹ sá ewé náà sí ibòji títí yóò fi gbẹ, torí omi inú ewé tútù máa ń bu omi la ethanol. Ẹ fi ọwọ́ gé e wẹ́wẹ́, ẹ má gún un. Ẹ jẹ́ kí ethanol náà tutù gan-an nínú fíríísà, kí ẹ tó dà á lé ewé gbígbẹ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Citral, tó pọ̀ jù nínú òórùn ewé tíì, máa ń tètè jáde, àmọ́ òtútù máa ń fa ìda àti chlorophyll sẹ́yìn. Ẹ dé ìgò náà pinpin o. Oru ethanol lè gbaná, ìtapàrà iná mànàmáná kékeré nínú fíríísà ilé sì ti tó láti ràn án.

Ní ti sísẹ́, àwọn aláró wa mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìkòkò tí wọ́n lu nídìí ni wọ́n ń da eérú sí, wọ́n á gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á sì fi sílẹ̀ kó máa kán. Ẹni tó ń sẹ́ ògì lè fún èèrí, torí ògì ló ń wá. Tiwa yàtọ̀. Bí ẹ bá fún aṣọ, ìdọ̀tí lẹ̀ ń tì kọjá.

Asẹ́ ni mo fi ń kó ewé kúrò, kí n tó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé e sínú òtútù di ọjọ́ kejì. Ìda á dì, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ rọra da tòkè, kí ẹ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì tutù, torí bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìda náà á tún yòrò. Ẹ ki òwú díẹ̀ bọ ẹnu àrọ, kí ẹ tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí lé e. Bó bá dí, ẹ pààrọ̀ bébà, ẹ má fi ìka rò ó.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, omi náà á mọ́, àmọ́ àwọ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Asẹ́ kì í mú ohun tó ti yòrò. Ta ló lè fi asẹ́ yọ iyọ̀ nínú ọbẹ̀?

Èédú ló kù, kì í sì í ṣe èyí tí a fi ń sun àgbàdo. Activated charcoal ni, èyí tí wọ́n fi ooru ńlá àti oru omi tàbí kẹ́míkà ṣí ihò tín-ín-tìn-ìn-tín sí nínú. Bí ẹ bá tẹ́ gbogbo ojú inú gíráàmù 15 rẹ̀ sílẹ̀, ó lè bo pápá bọ́ọ̀lù kan. Àwọ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú yẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èédú kò mọ èyí tí ẹ fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò fẹ́, òórùn náà á lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti fi ìwàǹwára ba odindi ìgò èèpo ọsàn jẹ́ bẹ́ẹ̀: ó mọ́ bí omi òjò, kò sì rùn bíi nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ da gíráàmù 1 sínú mílílítà 100, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú 15, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ lè fi kún un, àmọ́ ohun tí èédú bá ti gbé mì, ó tán. Sísẹ́ àkọ́kọ́ á dúdú díẹ̀. Ẹ dà á padà sórí bébà kan náà, èédú tó ti jókòó síbẹ̀ á di asẹ́ fún ìyókù.

Àwọn kan máa ń gbé ìgò sínú oòrùn. Ó ń ṣiṣẹ́, torí ìmọ́lẹ̀ ń ba chlorophyll jẹ́, àmọ́ ó ń ba citral náà jẹ́. Àti pé, ìgò ethanol nínú oòrùn Ìbàdàn? Ẹ jọ̀ọ́.

Ohun kan wà tí èédú àti asẹ́ kò lè yọ: methanol, ọtí olóró tó jọ ethanol. Wọ́n sábà máa ń fi sínú sípírítì kí èèyàn má baà mu ún, kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn tó mu ògógóró bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, wọ́n sì ń kú. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní àrùn àjèjì, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé methanol ni. Ethanol tí ẹ kò bá mọ orísun rẹ̀, ẹ má fi kan ara. Ẹ má sì gbé èyíkéyìí ka orí gáàsì kó lè gbẹ. Láti 78°C ló ti ń hó, oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, á wọ́ nílẹ̀ títí yóò fi bá iná pàdé, bó bá sì ń jó lọ́sàn-án, ẹ lè má rí iná náà.

Ìgò obìnrin yẹn ńkọ́? Mo ní kó má fi èédú ṣòfò lórí rẹ̀, kó máa fọ́n ọn sí aṣọ dúdú. Ó lọ rẹ òmíràn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, nínú òtútù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ki àpò tíì bọ̀.