Ọmọbìnrin Yín Náà Ní Àyè Lẹ́sẹ̀ Olúwa

Ọmọ ọdún 13 kan dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tó jẹ́ pé àbúrò mi ọkùnrin ni Dádì máa ń ní kó gbàdúrà nílé, tó sì jẹ́ èmi ni wọ́n máa ń ní kí n kó ìwé orin jọ?” Ọmọ ọdún 9 ni àbúrò náà.

Mo mọ àwọn òbí rẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀, ó dákẹ́ lọ títí, ó wá ní: “Bí bàbá tèmi ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Kò fura rí.

Mo gbà pé Ọlọ́run mọ̀ọ́mọ̀ dá wa ní akọ àti abo ni, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Àmọ́ ẹ tún Jẹ́nẹ́sísì 1:27 kà: àwòrán Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì. Orí 2:18 pe obìnrin ní olùrànlọ́wọ́, ọ̀pọ̀ òbí sì ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ọmọ-ọ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀, ezer, òun náà ni Sáàmù 121 lò níbi tó ti ní ìrànlọ́wọ́ mi ti ọwọ́ Olúwa wá. Ta ló jẹ́ pe Olúwa ní ọmọ-ọ̀dọ̀?

Ibi tí mo máa ń bá àwọn òbí pẹ́ sí jù ni Lúùkù 10. Màríà jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ Jésù. Nígbà náà, ẹni tó bá jókòó lẹ́sẹ̀ olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Bí Pọ́ọ̀lù náà ṣe sọ pé òun kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ Gàmálíẹ́lì nìyẹn, nínú Ìṣe 22:3. Màtá arábìnrin rẹ̀, tí iṣẹ́ àlejò ṣíṣe gbà lọ́kàn, ní kí Jésù lé Màríà wá ran òun lọ́wọ́. Jésù kò lé e. Ó ní Màríà ti yan ipa rere, a kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Torí náà, tó bá jẹ́ pé nítorí kí ọmọ yín lè rí ọkọ gidi fẹ́ lẹ ṣe ń kọ́ ọ ní ọ̀nà Olúwa, ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e lẹ fi ṣáájú yẹn. Ó lè lọ́kọ, ó lè má lọ́kọ. Kó kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn ná.

Àwọn ìjọ kò fẹnu kò lórí bóyá kí obìnrin jẹ́ pásítọ̀. Àwọn kan di 1 Tímótì 2:12, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun kò gbà kí obìnrin máa kọ́ni, mú bí òfin fún ìjọ gbogbo nígbà gbogbo. Àwọn mìíràn ní wàhálà ìjọ Éfésù ni Pọ́ọ̀lù ń yanjú, wọ́n sì ń tọ́ka sí Dèbórà, wòlíì obìnrin tó ṣe onídàájọ́ Ísírẹ́lì, àti Pìrìsílà tí òun àti Ákúílà ọkọ rẹ̀ jọ la ọ̀nà Ọlọ́run yé Àpólò oníwàásù. Ẹ sọ èyí tí ẹ gbà fún ọmọ yín, kí ẹ má sì fi pa mọ́ fún un pé àwọn olùbẹ̀rù Ọlọ́run wà lápá kejì. Yóò gbọ́ bópẹ́ bóyá. Ẹnu yín ni kó ti gbọ́ ọ. Àmọ́ àríyànjiyàn yẹn ò ní kó má lè gbàdúrà nílé yín.

Tó bá dọ̀rọ̀ aṣọ, ẹ rọra. Bí ara ọmọ bá ń yí padà, tí kò sì gbọ́ nǹkan míì ju “bo ara ẹ” lọ, yóò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ara tí Ọlọ́run fún òun. Bíbélì kọ́ni ní ìmúra tó bójú mu, ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú Mátíù 5:28, ẹni tó ń fi ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ wo obìnrin ni Jésù bá wí, nítorí náà ọmọkùnrin ilé gbọ́dọ̀ gbọ́ tiẹ̀.

Bí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un ní Nọ́ńbà 27 kà lálẹ́ òní. Bàbá àwọn ọmọbìnrin márùn-ún kan, Màlà, Nóà, Hógílà, Mílíkà àti Tírísà, kú láìní ọmọkùnrin. Àwọn márààrún dúró níwájú Mósè, àlùfáà àti gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ogún. Mósè gbé ọ̀rọ̀ wọn tọ Olúwa lọ, Olúwa sì ní ohun tí wọ́n sọ tọ́. Kó kà á sókè. Ẹ má tíì ṣàlàyé, ẹ dúró de ìbéèrè tó máa bi yín. Lẹ́yìn náà, kó gbàdúrà, kí àbúrò rẹ̀ sì kó ìwé orin jọ.